Orin tí Mo Gbé Kọjá Odò Ọya

N kò mọ iye ọdún ní kíkà, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ọdún tí wọ́n gbé àpótí ìbò padà wá sí Ute ni, lẹ́yìn tí àwọn sójà ti jókòó pẹ́. Ìbò ọdún náà pọ̀. Bí a bá ti di ti ọ̀sẹ̀ yìí tán, wọ́n á tún pè wá fún òmíràn, títí yíǹkì fi wọ̀ wá léèékánná bí aró. Nígbà tí èékánná yẹn hù kúrò tán, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í la ètè wa, ni mo gbéra. Ọmọ-ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ sọ pé ọdún kan náà ni wọ́n ní kí gbogbo ayé yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọdé náà ló gbé mi kúrò nílé.

Ọ̀pọ̀ yín ní Ute níbí àti ní Ìdóàní ló ti bi mí pé kí ni arúgbó lọ ṣe nílẹ̀ Ìgbò. Àwọn kan ní àwọn oníjìtá ló jí mi gbé. Ẹnikẹ́ni kò jí mi gbé o. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi wọ ọkọ̀.

Ẹ̀yin àgbà mọ iṣẹ́ mi. Bí àwọn ìyá bá ń lọ sóko, abà mi ni wọ́n ń já ọmọ sí. Mo lè pọn ọ̀kan, kí n gbé ọ̀kan lé itan, kí n máa fi ẹsẹ̀ kan rẹ ẹ̀kẹta lórí ẹní. Orin tí ìyá mi fi mú mi sùn ni mo fi ń mú wọn sùn. Kò gùn rárá:

Sùn kí iṣu ta,
sùn kí àgbàdo yọ irùngbọ̀n,
kí o tó jí, ìyá rẹ á ti toko dé,
lágbájá, ẹ̀yìn mi gbà ọ́.

Níbi tí mo ti wí lágbájá yẹn, orúkọ ọmọ tó wà lẹ́yìn ẹni là ń pè níbẹ̀. Ìyá mi kìlọ̀ rẹ̀ fún mi kí n tó lọ́kọ: a kì í pe orúkọ ọmọ mìíràn sí ọmọ tí a pọ̀n létí. Ẹni tí o pọ̀n ló ni ẹ̀yìn rẹ títí o ó fi tú ọ̀já.

Àdùkẹ́ ló pẹ́ jù lẹ́yìn mi nínú gbogbo wọn. Ọmọ Dúpẹ́ ni, ọmọ tèmi obìnrin. Ọ̀dọ̀ mi ni Dúpẹ́ fi í sí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọmọ náà pé ọdún méjì ààbọ̀ nígbà tí Dúpẹ́ àti ọkọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Jọ́ọ̀sì. Ó di ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi mú títí ìlẹ̀kẹ̀ náà fi já, a wá ń ṣa á nílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ti lọ. Ọdún mẹ́ta, n kò rí i. Lọ́jọ́ kan, ará ibí kan ti Jọ́ọ̀sì dé. Ó ní òun rí Àdùkẹ́, ó ti dàgbà, Haúsá àti òyìnbó ló ń sọ. Ó ní òun wí fún un pé, "Ìyá rẹ ní Ute ń kí ọ o."

Mo ní, "Kí ló wí?"

Ó ní, "Ó ní èwo ni ìyá Ute?"

N kò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ yẹn.

Àwọn onírun

Oṣù náà kò tíì pé tí Ràṣídì fi dé. Ọmọ aránṣọ kan ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀ ni, ìdílé mùsùlùmí. Ìyá rẹ̀ máa ń kó aṣọ wá ná ọjà wa nígbà náà, ẹ̀yìn mi ló sì ń gbé ọmọ náà sí. N kò mọ̀ ọ́n mọ́. Irun orí rẹ̀ rí bí ìtẹ́ ẹ̀ga, bàtà rẹ̀ ga bí ìdí odó. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú irun yẹn nínú eruku.

"Ìyá, èmi Ràṣídì ni. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí."

Mo ní, "Bí mo bá mọ̀ pé báyìí lo máa rí ni, ǹ bá ti jù ọ́ sílẹ̀."

Àwọn méjì ló tẹ̀ lé e. Píta ni ọ̀gá wọn, ọmọ Oníṣà, tó fi dígí dúdú bojú lábẹ́ òrùlé. Èkejì ni Osaro, ọmọ Bìní tó ń lùlù, tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe irú orin wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe àwo orin tó jẹ́ ti àwọn ọmọdé pátápátá, àwọn sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ràṣídì ka á fún mi: jìtá, ìlù, agogo kẹ̀kẹ́, maṣíìnì tí bàbá rẹ̀ fi ń ránṣọ, àti pẹ́pẹ́yẹ.

"Pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́?"

"Òun ló ń gbe orin, Ìyá."

Ìyálé mi tó ń ṣa ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí atẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ṣé ìwọ náà fẹ́ lọ máa gbọn irun ni? Èwo nínú funfun yẹn lo fẹ́ gbọ̀n?"

Ràṣídì ní orin tí òun fi sùn nígbà èwe òun ló ku kí àwọn fi parí àwo náà, ẹnu mi ni òun sì fẹ́ kó ti jáde. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Nǹkan kan wá bá mi lọ́kàn.

"Ṣé rédíò á máa kọ ọ́?"

"Káàkiri Nàìjíríà, Ìyá."

"Títí dé Jọ́ọ̀sì?"

"Jọ́ọ̀sì gan-an."

Mo ní, "Bí ẹ ó bá jẹ́ kí n pe orúkọ Àdùkẹ́ nínú rẹ̀, n ó lọ."

Ó sọ ọ́ fún Píta ní òyìnbó wọn tí wọ́n ń fọ́ bí ẹ̀pà. Píta mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ràṣídì ní, "Ó ní kí ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

Kí wọ́n tó mu omi tán, mo ti ń wá aṣọ tí n ó fi di ẹrù.

Bìní

Ilé àbúrò ìyá Osaro la wọ̀ sí ní Bìní. Inú mi dùn sí ìlú náà, nítorí mo rí ìyùn lọ́rùn àwọn ìjòyè wọn bí ìyùn tí mo máa ń rí láàfin Ọ̀wọ̀. Mo rò pé mo ti dé ilé. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ni mo tó mọ̀ pé àlejò ni mí. Àwọn ọmọ ilé kúnlẹ̀ kí àgbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ìyàwó ilé kan wá láti ìdílé mìíràn, ìkíni tirẹ̀ yàtọ̀ nígbà tó wọlé níyàwó, ó ní òun ti kọ́ ti ilé ọkọ. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni tirẹ̀ láàárọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ bí o ṣe kíni lójú ọ̀nà ti mọ ilé tí o ti jáde. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n, mo ń rò ó nínú mi pé bí Àdùkẹ́ bá kí ènìyàn láàárọ̀ ní Jọ́ọ̀sì, ilé ta ni wọ́n á sọ pé ó ti jáde?

Wọ́n gbé oúnjẹ kan wá tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Kò rí bí fùfú. Ó ń dán, ó ń fà bí oje igi. Mo gé e, ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi. Mo gbé ọwọ́ sókè, ó ṣì ń tẹ̀ lé mi. Osaro tí kì í sọ̀rọ̀ wá fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ fi epo pa ìka. Ọbẹ̀ ẹyìn ni wọ́n fi jẹ ẹ́, ẹja gbígbẹ inú rẹ̀ tóbi bí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ má sọ fún ìyálé mi, mo bu un lẹ́ẹ̀kejì.

Odò Ọya

Orúkọ Odò Ọya ni mo ń gbọ́ láti kékeré. Mo rò pé yóò máa hó, yóò máa bínú bí òrìṣà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é. Rárá o. Ó dákẹ́, ó fẹ̀, ó ń lọ bí arúgbó tó mọ ibi tó ń lọ. Afárá irin ni ọkọ̀ gbà kọjá. Ràṣídì ní ogun ti wó apá kan rẹ̀ rí kí wọ́n tó tún un ṣe. Píta kọjú sí fèrèsé ní gbogbo ìgbà tí a fi wà lórí afárá. Nígbà tí a dé òdìkejì, ó yí padà sí mi, ó na ọwọ́ síta bí ẹni ń fi ilé rẹ̀ han àlejò.

Oníṣà! Mo ti rí ọjà, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìlú tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọjà. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í rìn, ńṣe ni wọ́n ń lé nǹkan. Bí mo bá kọjá pẹ̀lú Ràṣídì, àwọn obìnrin á pariwo, "Ńgbàtí! Máámà Ńgbàtí!" Mo bi Ràṣídì bóyá èébú ni. Ó ní nítorí pé gbogbo ọ̀rọ̀ wa ni à ń fi "nígbà tí" bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè wá bẹ́ẹ̀. N kò bínú. Àwa náà ní ohun tí à ń pè wọ́n nílé.

Ilé bàbá Píta ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Ọkùnrin àgbà ni, ó dé fìlà pupa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ pẹ̀lẹ́. Wọ́n gbé obì wá nínú ọpọ́n. Ọpọ́n náà ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi kàn mí. Mo wo yíká ilé, mo rí i pé yàtọ̀ sí bàbá, èmi ni àgbà níbẹ̀. Mo ní ọlá tí wọ́n bù fún mi nìyí. Mo mú obì, mo súre fún ilé, mo súre fún odò tí mo kọjá, mo pa obì sí mẹ́rin. Gbogbo ojú yí sí ọwọ́ mi.

Ràṣídì sọ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi létí, "Ìyá, obìnrin kì í pa á níbí!"

"Kí ló dé tí wọ́n fi gbé e fún mi?"

"Kí ẹ wò ó ni, Ìyá! Kí ẹ wò ó, kí ẹ sì gbé e kọjá!"

Ojú tì mí dé ẹsẹ̀. Bàbá náà wo obì, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Píta túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún Ràṣídì, Ràṣídì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé èdè Ìgbò nìkan ni obì ń gbọ́, ó ní lónìí obì ti kọ́ Yorùbá. Ó mú ìdá kan, ó jẹ ẹ́. Àwọn yòókù wá ń jẹ. Ọbẹ̀ ewúro ni wọ́n fún wa lẹ́yìn ìyẹn. Mo dijú, mo ń retí ìkorò, ìkorò kò dé. Bí wọ́n ṣe fọ ewúro yẹn, n kò tíì mọ̀ ọ́n títí dòní.

Yàrá tí kò dún

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n mú mi lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ká orin sílẹ̀. Tìmùtìmù ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀. Yàrá náà dákẹ́ ju inú igbó lọ, nítorí nínú igbó kòkòrò a máa dún. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́yìn dígí, ó ń yí nǹkan. Ràṣídì gbé jìtá lé itan. Wọ́n gbé irin kan síwájú ẹnu mi, wọ́n ní kí n kọrin.

Mo kọ ọ́. Ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tó ń rojọ́ níwájú ọba. A tún un ṣe. Ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Píta yọ dígí dúdú rẹ̀. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀. Ojú ọmọ kékeré ni, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni yàrá yóò bọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹlòmíràn ló ni ọjọ́ kejì.

Ràṣídì ní, "Ìyá, ṣé ọ̀fun ni?"

"Kì í ṣe ọ̀fun. Ẹ̀yìn mi ni. Kò sí nǹkan níbẹ̀."

Wọ́n gbé ìrọ̀rí wá. Mo pọ̀n ọ́n. Mo sọ fún wọn pé ìrọ̀rí kì í mí. Osaro wá la ẹnu rẹ̀, ó sọ òyìnbó díẹ̀, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí ẹ pọn pẹ́pẹ́yẹ."

Bí ẹ bá rí mi, ẹ̀rín ni mo rín, omi sì wà lójú mi. Mo ti tọ ọ̀nà jíjìn yẹn wá nítorí orúkọ kan, mo sì ti fẹ́ gbé e padà sílé lẹ́nu mi láìpè é.

Obìnrin kan ń dín àkàrà ní òdìkejì títì, ó pọn ọmọ. Ràṣídì sáré lọ bá a. Obìnrin náà wo irun rẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀, ó gbé ṣíbí àkàrà sókè. Ràṣídì sáré padà. Mo jáde lọ fúnra mi. N kò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tèmi. Mo tú ọ̀já mi, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀ títí ìbàdí fi ń dùn mí. Mo gbọ́ tó rẹ́rìn-ín kékeré. Lẹ́yìn náà ni ara ọmọ kàn mí lẹ́yìn.

Ó tọ́ka sí Osaro pé kó jókòó ti epo òun, òun náà sì tẹ̀ lé wa wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Píta ní Ńgọ́zì ni orúkọ ọmọ náà.

Mo bẹ̀rẹ̀ orin. Ohùn mi ti dé. Sùn kí iṣu ta. Ọmọ náà gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn, èémí rẹ̀ gbóná gba inú bùbá mi wọlé. Sùn kí àgbàdo yọ irùngbọ̀n. Mo mọ ibi tí orin ń lọ. Láti Ute ni mo ti ń dá orúkọ Àdùkẹ́ dán wò lábẹ́ ahọ́n. Kí o tó jí, ìyá rẹ á ti toko dé. Orúkọ náà ti dé ẹnu mi. Ìyá ọmọ yìí sì dúró lókèèrè, ó ń wo ẹ̀yìn mi, ó gbà mí gbọ́ láìmọ̀ mí.

"Ńgọ́zì, ẹ̀yìn mi gbà ọ́."

Báyìí ni mo ṣe pè é. Mo tún orin náà kọ, mo tún pe Ńgọ́zì. Ní ìgbà karùn-ún ọmọ ti sùn, orí rẹ̀ ti yẹ̀. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn dígí na àtàǹpàkò rẹ̀ sókè.

Ràṣídì sún mọ́ mi. "Ìyá, Àdùkẹ́ ńkọ́? Ẹ tún un kọ kíá. Ọmọ ti sùn, kò ní gbọ́."

Mo ní, "Bó ṣe sùn yẹn gan-an ló ń gbọ́."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ gba ọmọ, wọ́n tún fún mi láyè. Mo dúró níwájú irin náà, mo la ẹnu láti pe Àdùkẹ́. Ẹkún ló jáde. Wọ́n pa ẹ̀rọ.

Alákàrà náà sọ̀rọ̀ pẹ́ pẹ̀lú Píta kó tó lọ. Píta tún fi dígí rẹ̀ bojú. Ràṣídì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ogun ló pa ìyá obìnrin náà, ìyá ọkọ rẹ̀ náà kò sí láyé. Ó ní ìyá àgbà kankan kò tíì pọn ọmọ òun rí títí di òní. Àkàrà tó dì fún mi, mo jẹ ẹ́ dé orí afárá. Èyí tí Osaro dín ti jóná.

Ilé

Àwo náà dé Ọ̀wọ̀ lọ́dún kejì. Wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ sí ara rẹ̀, ó fi dígí dúdú bojú. Iwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá Ràṣídì ni mo dúró sí tí mo gbọ́ ohùn mi tó ń ti inú àpótí jáde, tó dà bí ohùn ìyá mi. Rédíò kọ ọ́ lóòótọ́. Ní Ute, ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: "Ta ni Ńgọ́zì?"

Kérésìmesì kan kọjá, òmíràn kọjá, kí Dúpẹ́ tó wálé. Àdùkẹ́ ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi ní òyìnbó, ó lọ jókòó sí etí àga bí àlejò tí wọn kò tíì fún lómi. Mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti gùn ju ohun tí ọ̀já lè gbà lọ. Nígbà tó jáde lọ wo àwọn ewúrẹ́, Dúpẹ́ sọ ohun tó gbé wá, níwájú àwọn ọmọ mi ọkùnrin méjèèjì, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Màmá, a gbọ́ yín ní rédíò ní Jọ́ọ̀sì. Mo pe Àdùkẹ́, mo ní wá gbọ́ ìyá rẹ. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń pè! Ó wo ojú mi, ó ní ṣé Ńgọ́zì ni ọmọ-ọmọ yín ni? Kí ni kí n wí fún un?"

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wolẹ̀. Mo wá bi í pé, "Nígbà tí ẹ mú un kúrò lẹ́yìn mi, tí o ń lọ síbi iṣẹ́, ta ló ń pọ̀n ọ́n?"

"Ìyá Ládì ni. Obìnrin ibẹ̀ kan tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa."

"Ǹjẹ́ ó ní ọmọ tirẹ̀?"

"Mẹ́rin."

"Nígbà tó bá pọn Àdùkẹ́ tó ń ké, tó ń kọrin fún un, orúkọ ta ló ń pè?"

Dúpẹ́ yára la ẹnu láti fèsì. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Àdùkẹ́ ni. Kò mọ̀ ọ́n pè, Màmá. Adike, Adike, bẹ́ẹ̀ ló ń wí. Láti ojú ọ̀nà ni mo ti máa ń gbọ́ ọ bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀."

Mo sọ fún un níṣojú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, n kò sì ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ mi lórí ọ̀rọ̀ àwo náà: "Bí o bá padà dé Jọ́ọ̀sì, má tíì sọ ẹrù rẹ kalẹ̀. Lọ sí ilé obìnrin yẹn, kí o bá mi kúnlẹ̀ fún un."